Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti Ọdún 2023

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ni òfin àpapọ̀ tó ń darí bí iléeṣẹ́ àti ìjọba ṣe ń kó ìsọfúnni nípa ènìyàn jọ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, gbé jáde lọ́dún 2019 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Òfin yìí ló gbé àjọ NDPC kalẹ̀ láti máa bójú tó o.

Abala 37 ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí a mọ̀ sí AI. Ó ní ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti má ṣe wà lábẹ́ ìpinnu ńlá tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é. Àdéhùn, òfin mìíràn tàbí ìyọ̀ǹda ẹni náà lè yí èyí padà. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ àdéhùn tàbí ìyọ̀ǹda ni iléeṣẹ́ gbára lé, ó gbọ́dọ̀ fàyè sílẹ̀ kí ènìyàn dá sí ọ̀ràn náà. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ nìkan bá díwọ̀n oníṣòwò kan ní Awo, nítòsí Ẹdẹ, tí áàpù ẹ̀yáwó sì kọ̀ ọ́, oníṣòwò náà lè sọ tẹnu rẹ̀, kó sì ta ko ìpinnu náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba gbé àbá ètò orílẹ̀-èdè lórí AI jáde, níbi tí ìlò tó bá ìwà ọmọlúàbí mu ti wà lára àwọn òpó rẹ̀. Ìjìyà wà nínú òfin 2023 ní tirẹ̀: owó ìtanràn iléeṣẹ́ ńlá lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.