Ẹja Tí A Pè Ní Agbálẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má bínú pé kì í ṣe ewì ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìtàn ẹja kékeré kan ni, ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ni, nítorí pé mo ti parọ́ mọ́ ọn rí.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti lo ìsinmi tó kọjá. Àpótí gíláàsì kan wà ní pálọ̀ níbẹ̀ tí ẹja aláràbarà kún inú rẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ẹja náà kì í kúrò nísàlẹ̀. Wọ́n ní irunmú bí àrọ̀, wọ́n á sì máa fi ẹnu tú yanrìn kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó tà wọ́n ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Agbálẹ̀ nìyẹn o. Ìdọ̀tí ló ń jẹ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí oúnjẹ rẹ̀." A gbà á gbọ́. Kí oṣù tó parí, ọ̀kan ti rù kan eegun, ó kú. Corydoras lorúkọ ẹja náà. Aràn àti kòkòrò wẹ́wẹ́ ló ń wá nínú yanrìn, kì í ṣe ìgbẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí a fún un ló fi ebi pa á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ náà. Ẹja yìí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, àwọn odò Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní 1803 ni Lacépède, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ ọ́ ní Corydoras. Inú èdè Gíríìkì ló ti mú un: àṣíborí ni apá kan, awọ ni apá kejì. Orúkọ náà bá a mu, torí pé kò ní ìpẹ́ bí ẹja yòókù. Pẹlẹbẹ eegun ló tò sí i lára, ìlà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀wù ogun. Nígbà tí Charles Darwin wọ ọkọ̀ Beagle lọ yí ayé ká láàárín 1831 sí 1836, irú rẹ̀ kan wà lára ẹja tó kó bọ̀ wálé. Leonard Jenyns ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1842. Ní nǹkan bí 1878, irú yẹn kan náà yé, ó sì pamọ lọ́wọ́ Carbonnier ní ìlú Paris.

Ẹ kíyè sí i: ó ti lé ní ogóje ọdún tí ẹja yìí ti ń yé nínú gíláàsì, lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n wíwò ọ̀tọ̀, rírí ọ̀tọ̀.

Èmi náà wò, mi ò rí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn á ta sókè fìrì, á gbé afẹ́fẹ́ mì lójú omi, á tún padà sísàlẹ̀. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Àṣé ó ń mí ni! Ìfun rẹ̀ ló ń gba èyí tó wúlò nínú afẹ́fẹ́ náà, ìyókù á gba ìdí jáde.

Lọ́jọ́ kan mo da omi kànga tútù sínú àpótí náà. N kò mọ̀ pé bí omi bá tutù báyìí, ṣe ló máa ń dà bíi pé òjò ti dé sí odò wọn, àsìkò ẹyin nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, abo fi ẹnu lẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn akọ kan, àwọn méjèèjì wá dà bíi lẹ́tà T. Mo figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó o, wọ́n ń jà! Èyí ń bu èyí jẹ!" Mo ti fi àwọ̀n gbé akọ jáde kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Abo náà yé ẹyin díẹ̀ sára gíláàsì. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí gbogbo rẹ̀ fi funfun, tó hu irun. Kò sí àtọ̀ nínú wọn.

Ara mi ò balẹ̀, mo bá wá a kà. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń sin ẹja yìí ti ń sọ tẹnu wọn nípa T yìí. Àwọn kan ní abo ń fi ẹnu gbé àtọ̀ lọ tọ́ sí ibi tó fẹ́ yé sí. Ní 1995 ni Masanori Kohda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé èsì jáde lórí Corydoras aeneus. Wọ́n fi aró sí abo lẹ́nu. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, aró ti yọ nídìí! Mímu ni abo ń mu àtọ̀ o. Ìfun ló gbà kọjá. Abo á ká lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ bí ẹni da àtẹ́lẹwọ́ gba omi, ẹyin á wà nínú rẹ̀, àtọ̀ á bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á lẹ ẹyin mọ́ ewé tàbí gíláàsì. Ìjà tí mo là, ìgbéyàwó ni.

Orúkọ pàápàá kò dúró. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tún ìdílé náà pín sí méje. Ti Darwin ti di Hoplisoma, ti Kohda ti di Osteogaster. Bí àwọn tó fi ayé wọn ṣe é bá ṣì ń tún ọ̀rọ̀ ara wọn sọ, kí ni tèmi tí mo wò ó lẹ́ẹ̀kan tí mo ti pariwo?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà, á rí ìfun rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ òwe yẹn sínú ewì, n kò mọ̀ pé inú ìfun gan-an ni ìdáhùn lè wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra mẹ́ta sí i, torí pé wọn kì í fẹ́ dá gbé. Lálaalẹ́ ni mo ń ju oúnjẹ tó ń rì sí wọn. Bí wọ́n bá yé, mo máa ń ṣí ẹyin sínú ike ọ̀tọ̀, kí àwọn òbí má baà jẹ ẹ́. Bí ẹ bá yà kí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n ní agbálẹ̀ o.