Ọ̀rẹ́ ṣíṣe láàárín ọmọ Yorùbá àti ọmọ Fúlàní ní ilé ìwé Ìbàràpá

Ní Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí gáà Fúlàní wà lẹ́yìn ìlú bí Igbó-Ọrà àti Ìgàngàn, ọmọ Yorùbá sábà máa ń yan ọmọ Yorùbá lọ́rẹ̀ẹ́, ọmọ Fúlàní a sì wá ọmọ Fúlàní. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìkórìíra. Ọmọ tó ń sọ Fúlfúldé nílé, tó gbọ́dọ̀ tètè padà lọ da màlúù, kì í sí níbi eré ìrọ̀lẹ́, níbẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rẹ́ ti ń wọra. Ètò ẹ̀kọ́ àwọn darandaran, tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1989, gbé ìwé dé gáà. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ó lè ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀. Ìkọlù tí àwọn agbébọn ṣe sí ìlú Ìgàngàn ní oṣù Kẹfà 2021 tún fi ìbẹ̀rù kún ìyapa yìí.