Ta Ló Nìpàdé?

Hausa ni "angwan". Àdúgbò ló túmọ̀ sí. "Rukuba" sì ni orúkọ tí àwọn ará ìta fi ń pe ẹ̀yà kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Bache. Yorùbá tó ń gbé Angwan Rukuba ní Jos kò yí orúkọ náà padà: bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n ṣe ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni "kùsà" ṣe wọ èdè wa. Kuza ni Hausa ń pe tin, ohun tí àwọn òyìnbó tìtorí rẹ̀ la ojú irin dé Jos, tí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ sì tẹ̀ lé e. Lónìí, ẹni tí kò dé Jos rí ń sọ pé wọ́n ń wa kùsà wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹnu òwò àti iṣẹ́ ló gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú ìwé òfin ni wọ́n bí i sí. Òfin ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tún tò ní 2004, pàṣẹ pé bí ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti òye bá ti ń pé ọdún 16, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣètò ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn ìwé. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ sí ìpàdé, kì í ṣe òbí rẹ̀ nìkan. Àwọn olùkọ́ kan gbé e síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ ni yóò kí àwọn tó wá, òun ni yóò sọ iṣẹ́ tó wù ú àti ìrànlọ́wọ́ tó ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ni ká pe irú ìpàdé yẹn?

Ìbéèrè náà kì í ṣe àjèjì ní Jos. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ní kí àwọn tó ní ìpèníjà tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán, "bó bá ti ṣeé ṣe tó". (Ẹni tó kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn mọ ohun tó ń ṣe.) James Lalu, akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀, ọmọ Plateau ni. Ọmọ Plateau náà ni Ayuba Gufwan tó tẹ̀ lé e, ẹni tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, tó sì ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fọwọ́ wà ní Jos, tó ń fún àwọn tí kò lè rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Yunifásítì Jos ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo orúkọ àrùn yẹn dáadáa: rọ-ọmọ-lápá, rọ-ọmọ-lẹ́sẹ̀. Odindi gbólóhùn ni, ìyá tí kò kàwé sì mọ̀ ọ́n látàrí àjẹsára. Kò sí àní-àní pé Yorùbá fẹ́ràn kí orúkọ máa ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáwọ́ lé ìtumọ̀ yóò sọ pé "ìpàdé ìṣètò iṣẹ́ tó dá lórí akẹ́kọ̀ọ́". Ó dán, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Bí ọmọ náà bá ń jẹ́ Àdìó, ìpàdé tó dá lórí Àdìó, ìpàdé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Àdìó ṣe ni. Àdìó lè má sí níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rò. "Èyí tó fi akẹ́kọ̀ọ́ sáàárín" tún burú jù ú lọ: ẹni tí àwọn àgbà bá fi sáàárín, ìbéèrè ni wọ́n fẹ́ da bò ó. Iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe bíi "student-centred" ṣe níbí, "ni" kékeré ló ń bá Yorùbá ṣe é. Ọmọ ló nìpàdé. Ọmọ ló pè wá.

Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tó jáde ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀rọ̀-orúkọ ló sì bá iṣẹ́ tiwọn mu. Ìpàdé tí ìyá, ọ̀gá oníṣẹ́ àti ọmọ jọ jókòó sí kò rí bẹ́ẹ̀.

Yorùbá kúkú ti ní ìjókòó tó sún mọ́ ọn. Bí òbí bá fẹ́ fi ọmọ kọ́ṣẹ́, wọ́n á lọ bá ọ̀gá, wọ́n á sọ iye ọdún, wọ́n á sọ owó, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé. Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́, àdéhùn, fírídọ́ọ̀mù: ẹrù ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Fírídọ́ọ̀mù tiẹ̀ sàn ju "ìrékọjá" tí olùtumọ̀ kan lè fẹ́ lò fún ìgbà tí ọmọ ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Bíbélì ti gba ìyẹn fún àjọ̀dún àwọn Júù. Ẹni tó bá gbọ́ "ìpàdé ìrékọjá" lè máa wo ọ̀nà ọ̀dọ́ àgùntàn. Àléébù kan ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni "fi ọmọ kọ́ṣẹ́". Òbí ló ń fi, ọmọ ni wọ́n ń fi. Kí ọ̀rọ̀ yòókù máa bọ̀, kí "fi" yẹn dúró nílé.

"Àlá" náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìlànà ìṣètò ọjọ́ iwájú tí wọ́n ń pè ní PATH, tí Jack Pearpoint, John O'Brien àti Marsha Forest gbé kalẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àlá ọmọ, kí wọ́n tó rìn padà sẹ́yìn dé ohun tí wọ́n lè ṣe lọ́la. Ẹ bi ọmọ Yorùbá léèrè pé kí ni àlá rẹ̀, ó lè rọ́ ti alẹ́ àná fún yín, kí ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. "Kí ló wù ẹ́ ṣe?" ti tó. Bí ohun tó wù ú bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ bi í pé èwo ni ààyò.

Orúkọ ìpèníjà ló le jù. "Aláàbọ̀ ara" ń sọ pé ìdajì ni ara onítọ̀hún. "Akàndá ẹ̀dá" tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn dùn létí, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ní ti ọmọ tí òye rẹ̀ kò yá, èébú ló pọ̀ jù nílẹ̀: ọ̀dẹ̀, dìndìnrìn, arìndìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tún ni àbáyọ. "Díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ nǹkan." "Ó máa ń gbọ́ bí ẹ bá kọjú sí i." Ọ̀gá tó bá gbọ́ èyí ti mọ bí yóò ṣe kọ́ ọ níṣẹ́.

Ìwé ìpè ọmọ kan láti Angwan Rukuba lè rí báyìí: "Bàbá mi, màmá mi, ọ̀gá télọ̀ àti olùkọ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ wá bá mi jókòó lọ́jọ́ Sátidé. Aṣọ rírán ló wù mí. Mo mọ̀-ọ́n gé, mo mọ̀-ọ́n rán. Wíwọn oníbàárà ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo fẹ́ kí a sọ ẹni tí yóò máa bá mi wọ̀n ọ́n, àti iye tí n ó máa gbà." Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó mọ̀-ọ́n ṣe, ohun tó wù ú àti ohun tó nílò, tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n gbé yẹ̀ wò, ló wà níbẹ̀. Kí ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́ ṣáà má gbàgbé àmì ohùn: iṣẹ́ ni ọmọ ń wá, kì í ṣe ìṣẹ́.