Ìjàpá Kékeré Ilẹ̀ Éjíbítì

Ní etí aginjù tí ó kọjú sí Òkun Mẹditaréníà, ní ilẹ̀ Éjíbítì àti Líbíà títí dé Négéfì, ni ìjàpá kan wà tí a lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́. Lortet, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ni ó sọ ọ́ ní Testudo kleinmanni ní ọdún 1883. Ìgbà òtútù ni ó ń jẹ̀ kiri. Bí ooru bá mú, a fi ara pamọ́ sí ihò eku tàbí abẹ́ igi kúkúrú. Ọgbọ́n tí ó fi ń bá oòrùn gbé nìyí. Kò ní ọgbọ́n Alábahun inú àlọ́ wa, tí ìbá fi bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn.

Àwọn oníṣòwò ń kó o lọ sí ọjà Káírò, fún àwọn tí ń fẹ́ sìn ín nínú ilé. Bí ti Éjíbítì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti Líbíà ni wọ́n tún ń kó wá sí ọjà kan náà! Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin tí ó ń yé lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju márùn-ún lọ. Ní ọdún 1995 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tó fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn.

Ní Zaranik, lẹ́bàá òkun Sínáì, a tún rí díẹ̀. Àwọn Bédúìnì, tí wọ́n mọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú iyanrìn, ni wọ́n bá àwọn ọ̀mọ̀wé wá a kiri.