Sípíkà Ẹ̀yìn Nínú Pálọ̀

Sípíkà ẹ̀yìn ni sípíkà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń gbé ohùn fíìmù wá láti ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ẹni tó jókòó wò ó. Ariwo ọjà, òjò àti ìlù tó ń bọ̀ lókèèrè ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré, sípíkà àárín tó wà nídìí tẹlifíṣàn ló ni ín. Ètò tó wọ́pọ̀ jù ni 5.1: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn, pẹ̀lú wúfà kan fún ohùn tó wúwo.

Ilé sinimá ló ti ṣẹ̀ wá. Disney fi ètò ohùn Fantasound gbé fíìmù Fantasia jáde ní 1940, Dolby Digital sì wọ ilé sinimá pẹ̀lú Batman Returns ní 1992. DVD ló gbé e dé pálọ̀, tí àwọn oníṣòwò fi ń ta gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú páálí kan lórúkọ họ́ọ̀mù tíátà.

Ibi tí a gbé e sí lọ̀rọ̀ wà. Ìlànà àjọ ITU ni pé kí sípíkà iwájú lọ́tùn-ún àti lósì wà ní 30 dígírì sí ojú ẹni tó ń wò, kí ti ẹ̀yìn wà láàárín 100 sí 120. Ìyẹn ni pé kí wọ́n yẹ̀ sẹ́yìn etí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú bíi Ìdèrè, Igbó-Ọrà àti Èrúwà, àga pálọ̀ a sábà máa fẹ̀yìn ti ògiri yíká, nítorí àlejò la ṣe ń tò ó bẹ́ẹ̀. Kò wá sí ẹ̀yìn tí sípíkà lè gbà. Ọ̀pọ̀ a wá to márààrún mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn: owó sípíkà méjì gbé nìyẹn. Ó sàn kí a kàn wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n ga díẹ̀ ju etí ẹni tó jókòó lọ, tàbí kí a fa àga ńlá kúrò lára ògiri, ì báà ṣe ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan.

Ògiri búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀ táìlì a máa dá ohùn padà. Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì tó nípọn a máa gbà á mì. Wúfà tó wà ní igun yàrá a máa dún ju bó ti yẹ lọ. Bí a bá so waya sípíkà kan lódì, tí pupa lọ sí ojú dúdú, ohùn tó wúwo á dínkù.

Ní ti yíyàn, kí a má wo wáàtì PMPO tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Wáàtì RMS ló ń sọ òótọ́. Kódà, bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ohùn fi ń lé. Kí iye ohm sípíkà má sì kéré ju èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ lọ.

Ohun tí a fẹ́ wò náà ṣe pàtàkì. Ọ̀nà ohùn méjì péré ni VCD ní, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá àtijọ́ wà. Ẹni tó bá ń retí kí ìlù ta láti ẹ̀yìn á retí títí, àfi bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ní Pro Logic, tó ń fa ohùn ẹ̀yìn yọ lára méjì náà.