Kámẹ́rà Aṣọ́lé fún Ìdílé Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Olúpọ̀nnà àti Agbègbè Rẹ̀

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kámẹ́rà aṣọ́lé jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí a ń kàn mọ́ ògiri tàbí òpó, tí ń ya àwòrán ẹni tó bá wọ àyíká ilé, tí ń tọ́jú àwòrán náà pamọ́, tí ó sì lè fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù onílé níbikíbi tó bá wà. Ní Olúpọ̀nnà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìwó, Ilé-Ògbó àti Kúta tó wà nítòsí, a rí ilé tí ọmọ tó kọ́ ọ ń gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí òkè òkun, tó jẹ́ pé àwọn òbí àgbà nìkan ló kù síbẹ̀. A rí èyí tí wọ́n tì títí di ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì. A sì rí ìdílé tí gbogbo wọn máa ń lọ sí oko láàárọ̀, tí ilé yóò dá wà títí di ìrọ̀lẹ́. Irú àwọn onílé wọ̀nyí ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Kámẹ́rà aṣọ́lé kì í ṣe ohun olówó nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ kan ní ìlú New York, Marie Van Brittan Brown, ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ìwé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ ní 1966. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1969. Ó máa ń dá wà nílé, àwọn ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé ní àdúgbò rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe so kámẹ́rà mọ́ ihò ara ilẹ̀kùn, kí ó lè máa rí ẹni tó wà níta lórí tẹlifíṣọ̀n láti inú yàrá. Òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n, ilé tiwọn ni wọ́n sì ń rò.

Ohun tí kámẹ́rà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Kámẹ́rà kì í di olè mú. Ó lè dẹ́rù bà á, ó lè jẹ́ kí onílé tètè mọ̀, ó sì lè fi ẹ̀rí sílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí kámẹ́rà, ẹ rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ìdábùú tó lágbára, pé irin fèrèsé kò tíì jẹrà, pé àgádágodo géètì dára, àti pé iná ń tàn níwájú àti lẹ́yìn ilé lóru. Ẹ gé igbó àti ẹ̀ka igi tó bo ọgbà. Ẹ sì jẹ́ kí aládùúgbò kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé mọ ìgbà tí ẹ kò ní sí nílé. Ìkìlọ̀ tó dé sórí fóònù ẹni tó wà ní Èkó kò wúlò bí kò bá sí ẹni tó lè pè ní Olúpọ̀nnà.

Ibi tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣọ́

Kámẹ́rà kan tó wà níbi tó yẹ sàn ju mẹ́rin tí a kàn káàkiri lọ. Ẹ rìn yí ilé ká lọ́sàn-án àti lóru, kí ẹ sì bi ara yín pé: ibo ni gbogbo ẹni tó ń wọlé kò lè ṣàì gbà? Ẹnu géètì tàbí ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ́. Èkejì ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìfami tàbí alùpùpù bá wà níbẹ̀.

Kámẹ́rà tó ń rí ibi gbígbòòrò kì í rí ojú ènìyàn kedere láti ọ̀nà jíjìn. Pẹ̀lú kámẹ́rà 1080p tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ẹ má retí pé ẹ óò dá ojú àjèjì mọ̀ dájú bó bá jìnnà ju nǹkan bíi mítà 3 sí 4 lọ. Ẹ kàn án ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10, kí ọwọ́ má baà tó o, ṣùgbọ́n kí ó má ga débi pé orí àti fìlà nìkan ni yóò máa yà. Ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn tààrà. Ẹ má sì kàn án mọ́ abẹ́ òrùlé níbi tí aláǹtakùn ti ń ta àwọ̀n, nítorí pé iná òru ara rẹ̀ yóò tàn sára àwọ̀n náà, yóò sì sọ àwòrán di funfun. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nu eruku kúrò lójú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Irú kámẹ́rà mẹ́ta tó yẹ ká mọ̀

Èkínní ni kámẹ́rà Wi-Fi tó ní àyè fún mẹ́mórì káàdì. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, ó sì bá ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba Wi-Fi mìíràn ju 2.4 GHz lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń la ògiri nípọn kọjá dáadáa ju 5 GHz lọ. Bí ogiri ilé yín bá jẹ́ ti amọ̀, ẹ fi fóònù dán agbára Wi-Fi wò níbi tí ẹ fẹ́ kàn án sí kí ẹ tó lu ihò.

Èkejì ni kámẹ́rà tó ń lo sólà àti síìmù. Ó wọ́n jù ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò nílò iná ìjọba tàbí Wi-Fi. Ó dára fún ilé tí a tì pa, oko adìẹ àti ibi ìkọ́lé. Ẹ kọ́kọ́ mọ síìmù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lágbára níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fi wáyà so mọ́ àpótí ìgbàwòrán. Ó gba owó àti oníṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dára fún ilé ńlá tó nílò kámẹ́rà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Èyí tó bá máa wà níta gbọ́dọ̀ ní àmì IP65 tàbí IP66, tó fi hàn pé eruku àti òjò kò ní bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná

Bí iná bá lọ tí kámẹ́rà sì kú, òkùnkùn gan-an ni a fi sílẹ̀ fún olè. Kámẹ́rà kékeré máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 5. MiFi tàbí ráútà kékeré lè jẹ tó bẹ́ẹ̀. Bátìrì olómi-kíkan 12V, 7Ah ní agbára wáàtì-wákàtí 84, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀, 42, ni ó yẹ kí á lò kí ó má baà tètè bàjẹ́. Ìyẹn yóò gbé kámẹ́rà nìkan fún nǹkan bíi wákàtí 8, tàbí kámẹ́rà àti ráútà fún wákàtí 4. Páwà báǹkì 20,000 mAh tó jẹ́ ojúlówó lè gbé kámẹ́rà nìkan fún nǹkan bíi wákàtí 12, tàbí àwọn méjèèjì fún wákàtí 6. Ẹ bèèrè bóyá ó lè máa gba iná kí ó sì máa fún kámẹ́rà ní iná lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe so kámẹ́rà 5V mọ́ bátìrì 12V láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù láàárín wọn.

Ibi ìpamọ́ àwòrán àti owó détà

Bí kámẹ́rà bá ń gba àwòrán ní ìwọ̀n 1 Mbps, yóò lo 450 MB ní wákàtí kan, tàbí nǹkan bíi 10.8 GB ní ọjọ́ kan. Mẹ́mórì káàdì 128 GB yóò gba nǹkan bí ọjọ́ 11 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Bí ẹ bá ṣètò rẹ̀ pé kí ó máa gba àwòrán nígbà tí nǹkan bá mira nìkan, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì ayédèrú pọ̀ lọ́jà: ẹ kó fáìlì kún un bámúbámú, kí ẹ sì ṣí wọn wò, kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Wíwo kámẹ́rà láti ọ̀nà jíjìn ló ń jẹ détà. Ẹni tó bá ń wò ó fún ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ ní ìwọ̀n yẹn yóò lo nǹkan bíi 2.25 GB láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lójú fóònù látàárọ̀ dalẹ́ yóò ná owó tó tó ra kámẹ́rà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ aṣínà

Ní 2016, àwọn ọ̀daràn fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní Mirai gba àkóso ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti ráútà káàkiri àgbáyé, nítorí pé àwọn onílé kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù October ọdún náà, wọ́n fi wọ́n kọlu iléeṣẹ́ Dyn, tó fi jẹ́ pé Twitter àti Netflix kò ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà fún wákàtí mélòó kan. Ní ọjọ́ tí ẹ bá so kámẹ́rà yín, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ àti ti Wi-Fi padà. Bí oníṣẹ́ bá bá yín ṣètò rẹ̀, orúkọ àti fóònù tiyín ni kí ó fi ṣe é, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má fi kámẹ́rà sí yàrá ìsùn tàbí ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀tọ́ aládùúgbò

Abala 37 Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ olúkúlùkù àti ilé rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti 2023 fàyè gba ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ìlò ilé ara rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíràn lójú. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá onílé kan lẹ́bi. Ìbẹ̀rù olè ló mú un kan kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba àwòrán àti ohùn aládùúgbò rẹ̀. Ìdájọ́ náà kò de ilé-ẹjọ́ wa, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Níbi tí agbolé ti fara kan agbolé, ẹ kọ ojú kámẹ́rà sí ẹnu-ọ̀nà tiyín, kì í ṣe sí fèrèsé tàbí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ẹ pa gbohùngbohùn rẹ̀ bí ẹ kò bá nílò rẹ̀. Ẹ sì lọ sọ fún àwọn àgbà ilé kejì kí ẹ tó kàn án.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Bí ìkìlọ̀ bá dé tí ẹ sì rí àjèjì nínú àwòrán, ẹ má jáde lọ kò ó lójú, ẹ má sì rán òbí àgbà jáde. Ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, tàbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní oṣù January 2020. Ẹ ti kọ nọ́ńbà wọn sára ògiri ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ da àwòrán náà kọ sí ibòmíràn kíákíá, kí ẹ sì yọ káàdì náà pamọ́. Ẹ rí i pé ọjọ́ àti aago ara kámẹ́rà tọ̀nà nígbà gbogbo. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba àwòrán tó ti inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wá ní ilé-ẹjọ́, bí a bá lè fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ẹni tó ń bójú tó o sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí.

Ẹ má ṣe gbé àwòrán ẹnikẹ́ni sórí WhatsApp tàbí Facebook pé olè ni. Ẹni tó ń wá ilé ìyá rẹ̀ lóru, tàbí ọlọ́kadà tó ṣìnà, lè dúró lẹ́nu géètì yín. Àwòrán máa ń sọ pé ẹnì kan wà níbì kan. Kì í sọ ohun tó wá ṣe. Èrò tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè pa aláìṣẹ̀ kí òwúrọ̀ tó mọ́, ẹ̀bi rẹ̀ yóò sì kan ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde. Ọlọ́pàá ni kí ẹ fi hàn.

Bí ẹ ṣe lè ná owó náà ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Ilẹ̀kùn, irin fèrèsé, àgádágodo àti iná ìta.
2. Kámẹ́rà kan pẹ̀lú mẹ́mórì káàdì tó dára, sí ẹnu-ọ̀nà.
3. Bátìrì tàbí páwà báǹkì tó lè gbé e di òwúrọ̀.
4. Détà ìwọ̀nba lóṣù.
5. Kámẹ́rà kejì fún ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Owó ọjà ẹ̀rọ kì í dúró sójú kan. Ẹ bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ní Ìwó, Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ní kí wọ́n tan kámẹ́rà náà lójú yín kí ẹ tó sanwó. Nígbà tí ẹ bá ti kàn án tán, ẹ pa iná, kí ẹnì kan nínú ilé rìn wọlé láti ẹnu géètì lóru. Bí ẹ kò bá dá ojú rẹ̀ mọ̀ lórí fóònù, ẹ tún ibi tí ẹ kàn án sí ṣe.