Sẹ́ẹ̀lì Aṣáájú-kóró àti Sẹ́ẹ̀lì Oníkóró

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tó kéré jù lọ tí a lè pè ní abẹ̀mí. Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pín in sí: prokaryote àti eukaryote. Édouard Chatton, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ méjèèjì ní 1925. Kóró èso ni “karyon” nínú èdè Gíríìkì, nítorí náà èdè Yorùbá kò ní láti wá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹni tó bá fọ́ ẹyìn tó rà lọ́jà New Benin, ní ìlú Benin, yóò bá èèpo líle nínú rẹ̀, yóò sì bá ẹkùrọ́ nínú èèpo náà. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì oníkóró, ìyẹn eukaryote, ṣe rí: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí DNA rẹ̀ ká. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ti igi ọ̀pẹ àti ti ìwúkàrà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní pisifera, tí ẹyìn rẹ̀ kò ní èèpo líle. Àwọn olùwádìí NIFOR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ nítòsí ìlú Benin, mọ̀ ọ́n dáadáa; òun ni wọ́n fi ń ṣe akọ fún ọ̀pẹ dura láti mú tenera elépo púpọ̀ jáde. Bakitéríà fara jọ pisifera yìí. DNA wà nínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń rí bí òrùka, ṣùgbọ́n kò sí awọ tó yí i ká.

Ìdí nìyí tí “aláìníkóró” fi jẹ́ orúkọ tó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: yóò rò pé DNA kò sí níbẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn máa ń sọ kóró tirẹ̀ nù bó ṣe ń gbó nínú mùdùnmúdùn eegun, síbẹ̀ kò di bakitéríà. “Aṣáájú-kóró” dára jù, nítorí “ṣáájú” ni “pro” túmọ̀ sí. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí ti wà láyé kí kóró tó dé. Ó sábà máa ń kéré púpọ̀ sí oníkóró, kò sì ní mitokóńdríà. Ráíbósómù wà nínú àwọn méjèèjì.

Akèrègbè ẹmu kan lè gba àwọn méjèèjì: ìwúkàrà tí ń sọ omi ọ̀pẹ di ọtí, àti bakitéríà tí ń mú un kan. “Kòkòrò” lásán ni èdè ojoojúmọ́ ń pe irú wọn, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Bakitéríà ló ń fa tífọ́ìdì. Plasmodium tó ń fa ibà, oníkóró ni. Oògùn ìdílé penicillin kì í jẹ́ kí bakitéríà lè mọ ògiri ara rẹ̀. Plasmodium kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó gbé penicillin mì nítorí ibà kò tíì fọwọ́ kan ibà náà rárá.